Kí Ọmọ Tó Sọ̀rọ̀, Kó Kọ́kọ́ Gbọ́

Ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí kì í yé bi mí ní Ìlàrè, nílùú Ilé-Ifẹ̀ níbí. Bí oṣù Ọ̀wàrà bá ti ń sún mọ́lé, tí wọ́n rí èmi àti àwọn ọmọ Sìkáòtù tí à ń fa wáyà láti orí igi máńgòrò lọ sórí òpó ọparun, wọ́n á dúró, wọ́n á wò wá títí, wọ́n á ní: "Bàbá Sìkáòtù, ọmọ tó ní fóònù lápò, tó lè fi fídíò kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ló tún fẹ́ fi rédíò ṣe?" Ìbéèrè náà kò burú. Tẹ́lẹ̀, èsì mi ni pé rédíò yìí kì í gba owó káàdì, àti pé ó ń dé ibi tí nẹ́tíwọ̀kì kò dé. Òótọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń dàgbà sí i lẹ́nu iṣẹ́ yìí, èsì mi ti yí padà. Mo fẹ́ kí ọmọ náà mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ràn. Ọ̀rọ̀ sísọ kò wọ́n lóde òní, tọmọdé tàgbà ló ń sọ ọ́. Ẹni tó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, tó sì lè tún un sọ bó ṣe gbọ́ ọ láìfi iyọ̀ sí i, òun ló wọ́n.

Rédíò tí mò ń wí yàtọ̀ sí Orísun FM tí à ń gbọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù àti nínú mọ́tò, níbi tí ẹnìkan ti ń sọ̀rọ̀ tí gbogbo ìlú ń gbọ́. Rédíò àmátọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ìjọba fún ní láísẹ́ǹsì ló ń lò ó láti fi bá ẹlòmíràn tó ní tirẹ̀ sọ̀rọ̀, yálà onítọ̀hún wà ní Mọ́dákẹ́kẹ́ tàbí ó wà ní Jàpáàn. A kò gbọdọ̀ fi ṣòwò, a kò gbọdọ̀ fi polówó ọjà, a kò sì gbọdọ̀ fi ẹnà bo ọ̀rọ̀ tí a bá sọ lórí rẹ̀. Ojú ọ̀run kò ní ilẹ̀kùn. Ẹnikẹ́ni tó bá yí rédíò rẹ̀ síbẹ̀ á gbọ́. Oníkálukú ló ní àmì ìpè tirẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà tí kò sí ẹlòmíràn láyé tó ń jẹ́ ẹ. 5N ló bẹ̀rẹ̀ ti Nàìjíríà. Kó tó di pé a gba òmìnira, ZD2 là ń jẹ́. Àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ ń jẹ́ TY, àwọn ará Tógò ń jẹ́ 5V, Gánà ń jẹ́ 9G. Ọmọ tó bá ti mọ èyí, bó bá gbọ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà tó ṣáájú, ó ti mọ ilé tí ohùn náà ti wá.

Ẹgbẹ́ Sìkáòtù àti iṣẹ́ fífi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọra. Láti ọdún 1908 tí Baden-Powell, ẹni tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ti gbé ìwé rẹ̀ lórí iṣẹ́ Sìkáòtù jáde ni àwọn ọmọ ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi àsíá àti kóòdù Morse ránṣẹ́ láti orí òkè kan sí òmíràn. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà dé Nàìjíríà ní 1915, ẹ̀kọ́ yìí bá a wá. Ṣùgbọ́n inú oṣù kẹjọ ọdún 1957 ni rédíò àmátọ̀ rí àyè tirẹ̀ láàrin wọn. Ọdún náà pé 50 ọdún tí iṣẹ́ Sìkáòtù bẹ̀rẹ̀, ó sì pé 100 ọdún tí wọ́n bí Baden-Powell, àwọn ọmọ Sìkáòtù kárí ayé wá pàgọ́ sí Sutton Park nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn oní-rédíò àmátọ̀ tó wà lára wọn pàdé níbẹ̀, ara wọn yá mọ́ra wọn, wọn kò sì fẹ́ kí ọ̀rẹ́ náà parí síbi àgọ́. Ọ̀kan nínú wọn, Leslie Mitchell, tí àmì ìpè rẹ̀ ń jẹ́ G3BHK, ló dábàá pé kí wọ́n dá ọjọ́ tí wọ́n á tún pàdé lórí afẹ́fẹ́. Ọjọ́ kẹwàá àti ọjọ́ kọkànlá oṣù karùn-ún ọdún 1958 ni wọ́n ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́. Jamboree-on-the-Air ni wọ́n sọ ọ́. JOTA là ń pè é ní ìkékúrú. Nígbà tó yá, wọ́n gbé e sí òpin ọ̀sẹ̀ kẹta nínú oṣù Ọ̀wàrà, ibẹ̀ ló sì wà títí dòní. Àwọn ọmọ tó ń kópa nínú rẹ̀ lọ́dọọdún ti ju mílíọ̀nù kan lọ báyìí, bí a bá ka àwọn tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kún un.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé oòrùn fúnra rẹ̀ ló ran Mitchell lọ́wọ́. Ohùn rédíò tó ń rìn jìnnà máa ń gòkè lọ sí bíi kìlómítà 300 lójú sánmà, níbi tí oòrùn ti sọ afẹ́fẹ́ di ohun tó lè dá a padà sílẹ̀, bí ẹni ju bọ́ọ̀lù lu àjà. Bí oòrùn bá lágbára, àjà náà á le. Bó bá rẹ̀, àjà á rọ̀, bọ́ọ̀lù á sì gba inú rẹ̀ kọjá lọ. Nǹkan bí ọdún 11 ni agbára oòrùn fi ń lọ tó fi ń bọ̀. Èyí tó dé góńgó ní 1957 sí 1958 ga ju gbogbo èyí tí àwọn onímọ̀ ti kọ sílẹ̀ lọ. Lásìkò náà gan-an, Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ní ẹ̀rọ tó ń wọn àjà sánmà yìí, nítorí ilẹ̀ wa sún mọ́ ìlà tó pín agbára òòfà ayé sí méjì, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lókè orí wa kò sì rí bí ti ilẹ̀ Yúróòpù. Àwọn onímọ̀ ayé fi àkọsílẹ̀ Ìbàdàn ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí mo bá ń sọ èyí fún àwọn ọmọ, mo máa ń rí i pé wọ́n gbójú sókè. Wọn kò rò ó rí pé ẹnìkan ní Ìbàdàn ti ń wọn ojú ọ̀run kí bàbá wọn tó dáyé.

Lọ́dún 2024, oòrùn tún gòkè. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Ọ̀wàrà ni àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà kéde pé ó ti wà ní góńgó rẹ̀, JOTA sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejìdínlógún. Ẹni tó bá fetí sí 28 MHz lọ́sàn-án lásìkò bẹ́ẹ̀, Yúróòpù á máa wọlé tọ̀ ọ́ wá bí ẹni pé inú yàrá kejì ni wọ́n wà.

Ìmúrasílẹ̀ kò le púpọ̀. Wáyà bàbà tí àwọn oníṣẹ́ iná fi ń wáyà ilé ni à ń lò fún ẹ́ríà. Mo máa ń jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣe ìṣirò gígùn rẹ̀ fúnra wọn. Ìpàdé àwọn Sìkáòtù àgbáyé wà ní 14.290 MHz, ẹ fi í pín 143, ẹ ó rí i pé mítà mẹ́wàá ni gbogbo wáyà náà, mítà márùn-ún lọ́tùn-ún, mítà márùn-ún lósì, kéébù tó ń bọ̀ wá sínú rédíò á so mọ́ àárín. Fún 21.360 MHz, ó di mítà 6.7. Fún 28.390 MHz, mítà márùn-ún péré. Ọmọ tó ti sọ pé ìṣirò kò wúlò fún òun, nígbà tó bá gé wáyà tán, tí wọ́n gbé e sókè, tí ohùn sì wọlé lóòótọ́, kò tún ní sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Bátìrì ọkọ̀ ló ń gbé rédíò náà, kí a má baà gbára lé iná. Òjò sì ń rọ̀ lọ́wọ́ nínú oṣù Ọ̀wàrà, nítorí náà ẹni tó bá ta wáyà sókè gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún Ṣàngó: bí a bá ti gbọ́ àrá lọ́nà Iléṣà, a ti yọ kéébù kúrò lára rédíò, a ti gbé e jù síta.

Ìlàrè kì í ṣe àárín oko. Ilé fara kan ilé, bí iná bá sì wà, gbogbo ilé ló ń pariwo sínú rédíò wa láìmọ̀: ṣájà fóònù, gílóòbù LED, ínfátà, ẹ̀rọ tó ń darí sólà. Ẹnìkan kò lè fi etí lásán gbọ́ ariwo yìí, ṣùgbọ́n rédíò ń gbọ́ ọ, bí eṣú tí kò dákẹ́ ló ń hó lábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí iná bá lọ. Àwọn aládùúgbò á pòṣé. Àwọn ọmọ mi á tẹ̀ síwájú lórí àga. Ariwo á pa rọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ohùn tó ti wà lábẹ́ rẹ̀ látàárọ̀ á sì yọrí. Láàrin ìgbà tí iná lọ àti ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ àkọ́kọ́ bú sígbe lójúlé kejì, ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń gbọ́ ibi tó jìnnà jù lọ. Kò sí ìwé tó kọ́ mi ní èyí. Àdúgbò ló kọ́ mi.

Òfin kan wà tí mo fi lélẹ̀, tí àwọn ọmọ tuntun kì í fẹ́ràn: kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan máìkì ní wákàtí àkọ́kọ́. Olúkúlùkù á gba ìwé àti bírò, wọ́n á máa gba ohun ìgbọ́ràn bọ etí ní ìkọ̀ọ̀kan, ohun tí wọ́n bá gbọ́ ni wọ́n á kọ. Aago tí wọ́n á kọ kì í ṣe aago Ifẹ̀. Aago àgbáyé ni, tí tiwa fi wákàtí kan ṣíwájú rẹ̀. Wọ́n á kọ àmì ìpè tí wọ́n gbọ́, wọ́n á kọ ìlú, wọ́n á kọ bí ohùn ṣe mọ́ sí.

Ìwé yìí ni mo fi ń mọ ọmọ. Ohun tí mo sábà máa ń rí nìyí. Ibùdó Sìkáòtù kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń pè. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń lo àmì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú GB. Ariwo bo àárín ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọkùnrin kan kọ àmì náà pé pérépéré, láìku lẹ́tà kan. Ọmọbìnrin tó gba ohun ìgbọ́ràn lẹ́yìn rẹ̀ kọ G, ó kọ B, ó kọ 2, ó fa ìlà kékeré kan, ó sì kọ S. Mo bi ọmọkùnrin náà pé báwo ló ṣe gbọ́ lẹ́tà tó wà láàrin. Ó ní, "Sà, mo rò pé ó máa jẹ́ J, torí Jamboree ni." Mo bi ọmọbìnrin náà pé kí ni ìlà yẹn ń ṣe níbẹ̀. Ó ní, "N ò gbọ́ ìyẹn, sà." Ìlà kékeré yẹn ni gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo ní. Ẹni tó fa ìlà síbi tí kò gbọ́, ó ṣeé fi ọ̀rọ̀ rán. Ẹni tó fi èrò inú rẹ̀ dí àlàfo, bó tilẹ̀ já sí òótọ́ lónìí, lọ́la á já sí irọ́, kò sì ní mọ ìyàtọ̀.

Nígbà tí àkókò ọ̀rọ̀ sísọ bá wá tó, ìdánwò míì á dé. Àwa oní-rédíò máa ń fún ara wa ní máàkì. Ìwọ̀n méjì ni: ti àkọ́kọ́ ń sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe yé ni sí, márùn-ún ni òpin rẹ̀, ti èkejì ń sọ bí ohùn ṣe lágbára sí, mẹ́sàn-án ni òpin rẹ̀. Ẹni tí a gbọ́ ketekete gba 59. Ṣùgbọ́n kárí ayé, àwọn ènìyàn ti sọ 59 di ìkíni. Wọ́n á fún ẹ ní 59 tán, wọ́n á tún ní kí o jọ̀ọ́, kí o pe àmì rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí i, torí wọn kò gbọ́. Ọmọ Yorùbá ní tirẹ̀ kò fẹ́ sọ fún àgbàlagbà pé ohùn rẹ̀ kò mọ́. Ó gbà pé ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Mo máa ń sọ fún wọn pé ẹni tó wà lọ́hùn-ún ń fi máàkì yẹn tún ẹ́ríà rẹ̀ ṣe ni. Bí o bá fún un ní 59 nígbà tó jẹ́ 43 lo gbọ́, o ti tàn án, o sì ti tàn án pẹ̀lú ẹ̀rín. Ọ̀wọ̀ wà nínú òótọ́. Ọmọ tó bá ti kọ́ láti sọ pé "Ẹ jọ̀wọ́ sà, mẹ́rin-mẹ́ta ni, ẹ tún un sọ" fún àgbà tí kò rí rí, kò ní fi irọ́ dáhùn nígbà tí olùkọ́ rẹ̀ bá bi í pé ṣé ohun tí òun kọ́ ọ yé e.

Ẹ̀yin náà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Ẹ wo WhatsApp. Ọ̀rọ̀ á dé lóròòru pé báyìí báyìí ti ṣẹlẹ̀ ní Ṣábó, pé wọ́n ti ń bọ̀ ní Lágere. Ẹni tó gbà á kò rí nǹkan kan, ẹni tó fi ránṣẹ́ sí i kò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ìròyìn ò tó àfojúbà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Àwa tí a wà nílùú yìí láàrin 1997 sí 2000, nígbà ìjà Ifẹ̀ àti Mọ́dákẹ́kẹ́, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún máa kọ́ wa ní ohun tí àhesọ lè fà. Fóònù alágbèéká kò tíì wọ́pọ̀ nígbà náà. Ẹsẹ̀ ni àhesọ fi ń rìn, síbẹ̀ ó yára tó láti sun ilé. Bí gbogbo ọmọ tó wà ní Ìlàrè bá mọ bí wọ́n ṣe ń fa ìlà síbi tí wọn kò gbọ́, ìlú á sàn jù báyìí lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti sùúrù. Ohùn Nàìjíríà kì í pọ̀ lójú ọ̀run. Àwọn tó ní láísẹ́ǹsì nínú wa kò pọ̀, àwọn tó ń lò ó déédéé sì kéré sí i. Nítorí náà, bí ọmọ kan bá pe "CQ Jamboree", ìyẹn ìpè sí ẹnikẹ́ni tó bá ń gbọ́, pẹ̀lú àmì 5N, tó sì jọ̀wọ́ bọ́tìnì, kì í ṣe ẹnìkan ló máa dá a lóhùn. Ítálì, Sípéènì, Jámánì, Rọ́ṣíà, gbogbo wọn á dà bò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ pè nínú kíláàsì, gbogbo Yúróòpù ń wá a. Orí lè wú ọmọdé níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo ń fún wọn ni pé kí wọ́n má ṣe mú ẹni tí ohùn rẹ̀ ga jù, torí onítọ̀hún lówó rédíò ńlá, kò ní sọnù. Kí wọ́n fetí sí abẹ́, kí wọ́n wá ohùn kékeré tó ń ké lẹ́yìn gbogbo wọn. Ó ṣeé ṣe kí ìyẹn jẹ́ ẹgbẹ́ Sìkáòtù bíi tiwa, tí wọ́n so wáyà mọ́ igi níbì kan. "Gbogbo yín ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí èyí tí ohùn rẹ̀ kéré yẹn wọlé." Mo ti rí ọmọ ọdún méjìlá tó sọ bẹ́ẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn bàbá onírun funfun káàkiri ayé sì dákẹ́ fún un. Bí wọ́n bá fi í ṣe olórí lọ́jọ́ iwájú, mo nírètí pé kò ní gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ máa ń fa ẹ̀rín láàrin wa. Lórí rédíò àmátọ̀, orúkọ àbísọ ni gbogbo ayé fi ń pe ara wọn, àgbà ìbáà jẹ́ ẹni 80 ọdún. Ọmọ Yorùbá kò lè ṣe é. Ó gbọ́ tí ọkùnrin náà ní "John lorúkọ mi", òun náà á ní "Ẹ káàárọ̀, John sà." Wọ́n ti bi mí léèrè láti òkè òkun pé ṣé "sà" yẹn jẹ́ ara àmì ìpè wa ni. Bẹ́ẹ̀ ni ìkíni wa kò mọ ní ẹyọ kan: wọ́n á fẹ́ béèrè ilé, ọ̀nà, ọmọ, ìyàwó, kí wọ́n tó dé orí ọ̀rọ̀, nígbà tí sánmà kò ní ṣí sílẹ̀ ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. A ti wá fẹnu kò sí i: "sà" dúró, ìyókù ìkíni á dúró de ìgbà tí a bá kọ káàdì sí wọn. Káàdì QSL ni à ń pè é, tó dà bíi káàdì ọdún, tí ẹni méjì tó bá ara wọn sọ̀rọ̀ fi ń jẹ́rìí síra wọn.

Wọ́n á sì béèrè pé níbo ni Ilé-Ifẹ̀ wà. Ní ti máàpù àwa oní-rédíò, JJ27 ni. Ṣùgbọ́n ọmọ gbọ́dọ̀ lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta. Ó gbọ́dọ̀ lè pe Ìlàrè lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí gbogbo ayé ṣe ń pè é lórí afẹ́fẹ́: India, Lima, Alfa, Romeo, Echo. Ó gbọ́dọ̀ lè sọ pé ìlú yìí ni àwa Yorùbá gbà pé ayé ti ṣẹ̀, pé ibí ni wọ́n ti hú àwọn orí idẹ jáde lágboolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, àti pé kò tíì pẹ́ tí a ṣe ọdún Ọlọ́jọ́ tán. Ọmọ tí kò bìkítà fún ìtàn ìlú rẹ̀ á lọ bi bàbá bàbá rẹ̀ léèrè ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, torí ará Fíńláǹdì kan bi í ní ìbéèrè tí kò lè dáhùn.

Bó bá di nǹkan bí agogo mẹ́jọ alẹ́, àjà sánmà tó wà lókè wa á bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ sí wẹ́wẹ́. Àwọn tó wà nílẹ̀ òtútù kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ èyí. Ti àwa tó sún mọ́ agbedeméjì ayé ni, oṣù kẹta àti oṣù Ọ̀wàrà ló sì máa ń le jù. Ohùn tó ti mọ́ kedere látàárọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níwájú fáànù. Àwọn ọmọ á ní rédíò ti bàjẹ́. Mo máa ń ní kí wọ́n kọ aago tó bẹ̀rẹ̀ àti aago tó dáwọ́ dúró sínú ìwé wọn. Ìwé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe eré ọmọdé. Irú ohun tí wọ́n fi ẹ̀rọ wọ̀n ní Ìbàdàn láyé ọjọ́un ni wọ́n ń fi etí wọ̀n ní Ìlàrè.

Ó kù síbì kan. Àwọn kan á ní gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n ìmọ̀ àtijọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n rán wọn létí ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2024. Lọ́jọ́ náà, àwọn kéébù tó gba abẹ́ òkun kọjá já nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dákú káàkiri Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ọ̀pọ̀ báńkì wa kò lè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Wáyà mítà mẹ́wàá tó wà lórí igi máńgòrò kò gba abẹ́ òkun kankan kọjá. "Múra sílẹ̀" ni ọ̀rọ̀ àmúyangàn Sìkáòtù. Ẹgbẹ́ tó ní ọmọ mẹ́fà tó lè gba iṣẹ́ lórí afẹ́fẹ́, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ láìsí àṣìkọ, kí wọ́n sì tari rẹ̀ síwájú bó ṣe wà, ó ti múra sílẹ̀ fún ọjọ́ ìṣòro ju ẹgbẹ́ tó kàn ní aṣọ tó gún régé lọ.

Ilé-Ifẹ̀ kò sì ṣaláìní ohun èlò. Inú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni ibùdó ẹ̀kọ́ nípa sánmà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbárùkù tì, ARCSSTE-E, ti wà láti 1998. Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, tí kò jìnnà sí wa, lọ́wọ́ nínú sátẹ́láìtì kékeré NigeriaEduSat-1 tí wọ́n gbé lọ sójú òfurufú ní oṣù kẹfà ọdún 2017, orí ìgbì àwa oní-rédíò àmátọ̀ ló sì ti sọ̀rọ̀ wálẹ̀ nígbà tó wà lókè. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí wà láàrin wa: àwọn olùkọ́ fásitì tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn ẹnjiníà tó bá iléeṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn ṣiṣẹ́, àwọn tó kọ́ Morse lẹ́nu iṣẹ́ ológun tàbí ti ọkọ̀ òfurufú. Púpọ̀ nínú wọn jókòó sílé, kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè ohunkóhun.

Àwọn ni mò ń bẹ̀, àti ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ Sìkáòtù àti Gáìdì ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ má ṣe dúró de rédíò olówó ńlá. Rédíò kékeré tó ń gbọ́ ṣọ́ọ̀tìwéèfù, tó sì ní bọ́tìnì SSB tó ń jẹ́ kí ohùn àwọn oní-rédíò àmátọ̀ yé ni, ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀, torí a kò nílò láísẹ́ǹsì àmátọ̀ láti fetí sílẹ̀. Bí ẹ bá wá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ má ṣe jí ojú ọ̀run lò. Ẹ lọ bá Nigerian Amateur Radio Society, ẹgbẹ́ àwọn oní-rédíò àmátọ̀ ilẹ̀ wa, kí wọ́n fi ọ̀nà láísẹ́ǹsì hàn yín, títí dìgbà náà kí ẹni tó ní tirẹ̀ máa jókòó ti àwọn ọmọ. Ẹ ra ìwé àti bírò kún un. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Ọ̀wàrà tó ń bọ̀, ẹ so wáyà mọ́ igi, ẹ fi ohun ìgbọ́ràn bọ ọmọ kan létí, kí ẹ sì sọ fún un pé ohun tó bá gbọ́ nìkan ni kó kọ.